Yàrá sinimá inú ilé: ṣé AC nìkan tó, àbí ká kan àpótí afẹ́fẹ́?

Yàrá tí a bá dí pa kí ariwo má baà jáde, afẹ́fẹ́ náà kò ní í jáde. Àwa márùn-ún jókòó wo fíìmù wákàtí méjì nínú tèmi. Kó tó parí, orí ti wúwo, oorun sì ti ń kùn wá. Bẹ́ẹ̀ AC ń ṣiṣẹ́ o!

AC split kì í mú afẹ́fẹ́ tuntun wọlé. Afẹ́fẹ́ tí ẹ ti mí sí náà ló ń fà, tó ń mú tutù, tó sì ń dá padà. Àǹfààní rẹ̀ ni pé ihò páìpù kékeré kan péré lẹ máa dí.

Ti àpótí yàtọ̀: òun ló ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé kó sì jáde, láìjẹ́ kí ariwo bá a jáde. Káfíńtà á kan pákó tó nípọn, á fi fóòmù tẹ́ inú rẹ̀, á sì ṣe ọ̀nà inú rẹ̀ ní kọ́lọkọ̀lọ. Afẹ́fẹ́ á rọra yí kọ́nà kọjá. Ariwo á máa forí sọ fóòmù títí á fi rọ̀. Méjì lẹ nílò, ọ̀kan fún àwọlé, ọ̀kan fún ìjáde. Ẹ lo páìpù ńlá àti fáànù tó ń yí jẹ́jẹ́, torí afẹ́fẹ́ tó bá ń sáré nínú páìpù tóóró máa ń súfèé. Ìró báàsì tó ń dún gbì-gbì ṣì lè yọ́ jáde díẹ̀.

Fáànù kékeré kì í jẹ iná bí AC, inverter á gbé e. Ṣùgbọ́n ooru oṣù Kẹta ni yóò gbé wọlé fún yín. Èmi á kọ́kọ́ kan àpótí, kí n tó ra AC.