Addend méjì, àbí augend àti addend?

Ẹni tó ní aṣọ àdìrẹ 20 nílẹ̀ ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta, tó tún ra 4 kún un, ti ṣe àròpọ̀: 20 + 4 = 24. 24 ni àpapọ̀. Kí wá ni orúkọ 20 àti 4?

Àwọn kan ní addend, ìyẹn nọ́ńbà tí a ń rò pọ̀, ni àwọn méjèèjì. Èyí ló wọ́pọ̀ nílé ẹ̀kọ́ báyìí, nítorí bí a bá yí wọn po, 4 + 20, 24 náà ni. Fún ọmọ kékeré, ó tó.

Ìpè àtijọ́ ya méjèèjì sọ́tọ̀. 20 tó ti wà nílẹ̀ ni augend, èyí tí a ó mú pọ̀ sí i. 4 tó wá bá a ni addend, èyí tí a ó fi kún un. Látìn ni orísun orúkọ méjèèjì. Èyí wù mí jù, torí ó bá ẹnu wa mu gan-an: mẹ́rìnlélógún, 4 lé lórí 20. Ogún ló jókòó, mẹ́rin ló gùn ún. Ta ló ń sọ pé ogún lé mẹ́rin? Ṣùgbọ́n bó bá ti di 25, a kì í lé mọ́, a ń dín ni: márùndínlọ́gbọ̀n, 5 dín nínú 30. Níbẹ̀, kò sí addend kankan nínú orúkọ náà.