Ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ra kọnẹ́tọ̀ fáíbà l'Ádó-Èkìtì

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bi mí níbo lèèyàn ti lè rí ojúlówó kọnẹ́tọ̀ fáíbà (orí tí wọ́n fi ń so waya íntánẹ́ẹ̀tì tó ń gbé ìmọ́lẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ) rà l'Ádó, ṣọ́ọ̀bù kékeré kan wà l'Ókèṣà, ọjà wọn dáa gan-an. Bàbá tó ni ṣọ́ọ̀bù yẹn ò kàn ní gbowó ẹ o, á kọ́kọ́ ní kó o fi fọ́tò ojú ihò ráútà ẹ han òun, torí oríṣi kọnẹ́tọ̀ méjì kan, SC/APC aláwọ̀ ewé àti SC/UPC aláwọ̀ búlúù, jọra bí ìbejì, àmọ́ wọ́n gé orí APC ní gẹ̀rẹ́, dígírì 8, kí ìmọ́lẹ̀ tó bá ta padà má bàa gba inú waya lọ, ti UPC ò dagun ní tiẹ̀, tó o bá wá ki ọ̀kan bọ èkejì wọn ò ní fẹnu kora dáadáa, íntánẹ́ẹ̀tì á kàn máa wọ́ ni. Oríṣi kan tó ń jẹ́ LC, tó kéré jù wọ́n lọ, náà wà, ìyẹn tí wọ́n ń kì bọ SFP (ẹ̀rọ kékeré tó ń gba waya fáíbà) lára swíìṣì, ẹ̀rọ tó ń so kọ̀ǹpútà púpọ̀ pọ̀.

Wọ́n tún máa ń nu orí ẹ̀ kó o tó gbé e lọ, ìyẹn wù mí, eruku díẹ̀ báyìí ti tó dí ìmọ́lẹ̀ lọ́wọ́. Àbùkù wọn? Owó wọn le, wọn kì í sì í gba ọjà padà rárá. Ẹ ná an dáadáa.