Òjò dídì Washington àti ti Colorado: èwo ló léwu jù?

Òkè Cascades ní ìpínlẹ̀ Washington, ní Amẹ́ríkà, kò jìnnà sí òkun Pàsífíìkì, nítorí náà òjò dídì ibẹ̀ pọ̀, ó sì wúwo. Bí ìjì bá ń jà, ó lè ya lulẹ̀ láti ara òkè, kó sì bo èèyàn mọ́lẹ̀. Bí ọjọ́ kan sí méjì bá kọjá, ó sábà máa ń fara mọ́ra.

Ti Colorado, ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà mìíràn, ló ń bà mí lẹ́rù. Òtútù ibẹ̀ mú, òjò dídì ibẹ̀ kò nípọn, èyí tó wà nísàlẹ̀ á wá di hóró-hóró bíi ṣúgà. Bù ú sọ́wọ́, fún un pọ̀: kò ní lẹ̀, á kàn máa dà láàárín ìka rẹ bíi gàrí gbígbẹ. Orí ìyẹn ni òjò dídì tuntun ń gùn lé o! Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tí ojú ọjọ́ ti mọ́ gaara, ẹsẹ̀ ẹnì kan ṣoṣo lè já gbogbo rẹ̀ lulẹ̀.