Lẹ́búlẹ́bú mycorrhiza tí mo fi lọ́ ata rodo n'Iléṣà

Ilẹ̀ tí mò ń dá lọ́nà Òṣú ti ṣá. Ọdún mẹ́fà gbáko ni mo fi gbin ata sí i láìjẹ́ kó sinmi, ajílẹ̀ tí mò ń dà sí i kò sì ràn án mọ́. Ìyẹn ni mo ṣe ra lẹ́búlẹ́bú mycorrhiza.

Ìbátan olu ni, àmọ́ kì í hù síta bí olu tí à ń jẹ. Inú gbòǹgbò ló ń gbé, á wá na fọ́nrán tó tín-ín-rín ju irun orí lọ sínú ilẹ̀. Fọ́nrán yìí máa ń bá gbòǹgbò fa omi àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, ọ̀kan lára oúnjẹ tí ọ̀gbìn ń rí nínú ilẹ̀, níbi tọ́wọ́ gbòǹgbò ò tó; ṣúgà tí ewé ṣe nínú oòrùn ni ọ̀gbìn fi ń bọ́ òun náà.

Ẹni tó tà á fún mi ní kí n ṣáà wọ́n ọn sórí ilẹ̀. Ó dùn mí gan-an, torí ọ̀rá àkọ́kọ́ bá afẹ́fẹ́ lọ. Ó gbọ́dọ̀ kan gbòǹgbò ni. Nígbà tí mo ra òmíràn, mo bu ààbọ̀ ṣíbí sínú ihò kọ̀ọ̀kan, mo wá gbé ọmọ ata lé e. Poro mẹ́rin ni mo ṣe bẹ́ẹ̀ sí, mo fi mẹ́rin sílẹ̀ lásán.

Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mi ò rí ìyàtọ̀ kankan. Àfìgbà tí òjò dá nínú oṣù kẹjọ. Lọ́wọ́ ọ̀sán, ewé poro tí mi ò fi sí ti rọ jọwọlọ, ti èkejì ṣì nà ṣánṣán. Mo fa igi kọ̀ọ̀kan tu. Ti àkọ́kọ́ jáde láìmú erùpẹ̀ dání. Ti èkejì gbé ìṣù erùpẹ̀ wá, mo gbọ̀n ọ́n títí, kò já tán. Ìyàwó mi tó ń ká ata ló sọ pé poro mẹ́rin yẹn ló ń tètè kún apẹ̀rẹ̀.

Yàtọ̀ sí mẹ́jọ yẹn, poro kan wà tí mo fi í sí, tí mo tún da ajílẹ̀ fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì sí dáadáa. Kò yàtọ̀ sí ti lásán rárá. Bí fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì bá ti pọ̀ nílẹ̀, gbòǹgbò kì í fẹ́ gba àlejò yìí mọ́ra.

Ẹ má rà á fún tẹ̀tẹ̀ tàbí kábéèjì, wọn kì í bá a gbé. Bó bá jẹ́ igbó lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣán, ẹ fowó yín pa mọ́, ó ti wà nílẹ̀ níbẹ̀. Ẹ wo déètì ara ọ̀rá kẹ́ ẹ tó sanwó, torí ohun abẹ̀mí ni. Bó bá ti pẹ́ jù nínú oòrùn, òkú lẹ rà.