Django àti Rails: Níbo Ni Wọ́n Ti Ṣẹ̀ Wá?

Django àti Rails jẹ́ àkójọ irinṣẹ́ tí àwọn akọ̀wé kóòdù fi ń kọ́ ìkànnì ayélujára. Iléeṣẹ́ ìwé ìròyìn ni wọ́n ti bí Django. Ní ọdún 2003, Adrian Holovaty àti Simon Willison ń ṣiṣẹ́ ní Lawrence Journal-World, ní ìpínlẹ̀ Kansas ní Amẹ́ríkà. Iṣẹ́ ìròyìn kì í dúró de ẹnikẹ́ni, ìkánjú yẹn sì hàn lára Django títí dòní. Júwe ohun tí o fẹ́ tọ́jú, bí àkọlé, ọjọ́ àti orúkọ akọ̀ròyìn, kí o sì forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún ojú ewé alábòójútó. Fọ́ọ̀mù á jáde fúnra rẹ̀. Akọ̀ròyìn tí kò mọ kóòdù rárá á jókòó, á sì máa kọ ìròyìn sínú rẹ̀. Mo fẹ́ràn èyí gan-an.

Ní ti Rails, ara Basecamp, irinṣẹ́ ìṣètò iṣẹ́ ti iléeṣẹ́ 37signals ní Chicago, ni David Heinemeier Hansson, ọmọ Dẹ́nmárkì, ti yọ ọ́. Èdè kóòdù tó ń jẹ́ Ruby ló fi kọ ọ́. Oṣù Keje 2004 ló fi í síta lọ́fẹ̀ẹ́. Django tẹ̀ lé e ní oṣù Keje 2005. Àṣà ni Rails ń tẹ̀ lé: pe kíláàsì rẹ (àpèjúwe irú nǹkan kan nínú kóòdù) ní Person, ó ti mọ̀ pé people ni téèbù rẹ̀, ìyẹn ibi tí wọ́n ń tọ́jú ìsọfúnni rẹ̀ sí. Iṣẹ́ á yá lóòótọ́, àmọ́ ẹni tí kò tíì mọ àṣà náà á wá ìdí ọ̀pọ̀ nǹkan tì. Django, tí wọ́n fi èdè kóòdù Python kọ, máa ń jẹ́ kí ohun tó ń ṣe hàn síta nínú kóòdù ju bẹ́ẹ̀ lọ. Òun ni màá kọ́kọ́ fi lé ọwọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́.