Ìkìlọ̀ fún ẹni tó fẹ́ ra adìyẹ: wọ́n ń ta akọ fún yín lórúkọ abo

Ẹ̀yin tí ẹ ń sin adìyẹ lẹ́yìnkùlé, àti ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka èyí kí ẹ tó fowó ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Àwọn kan wà tí iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n kó òròmọdìyẹ akọ jọ, kí wọ́n sì tà á fún ẹni tó ń wá ẹyin. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Méjìlá ló rà, wọ́n ní abo ni gbogbo wọn. Nígbà tí wọ́n dàgbà, mẹ́sàn-án ló ń kọ. Ó pe ọkùnrin tó tà wọ́n fún un, onítọ̀hún ní oúnjẹ tí ẹ̀gbọ́n mi ń fún wọn ló sọ wọ́n di akọ. Láti ìgbà náà, kò gbé fóònù mọ́.

Irọ́ gbuu ni. Oúnjẹ kì í sọ abo di akọ. Inú ìyá adìyẹ ni ọ̀rọ̀ akọ tàbí abo ti ń parí, kí ẹyin tó ní èèpo lára pàápàá. Bí ẹnì kan bá sì ní òun mọ ẹyin tó máa di abo nítorí pé orí rẹ̀ rí roboto, ẹ má gbà á gbọ́. Nínú ẹyin tí adìyẹ bá pa, nǹkan bí ìdajì ló máa ń jẹ́ akọ, èèpo kò sì ní sọ èyí tó jẹ́ akọ fún yín.

Ìdí tí òwò yìí fi dùn mọ́ wọn ni pé níbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ pa ẹyin àwọn ẹ̀yà tó ń yé, akọ kò wúlò fún wọn. Kò ní yé, kò sì ní tètè sanra bí ẹ̀yà tí wọ́n ń sìn fún ẹran. Ọ̀pọ̀ ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gbẹ̀mí rẹ̀ lọ́jọ́ tó jáde, tàbí kí wọ́n tà á lówó pọ́ọ́kú. Oníjìbìtì á rà á lówó pọ́ọ́kú yẹn, á wá gba owó abo lọ́wọ́ yín.

Bó bá jẹ́ òròmọdìyẹ ọjọ́ kan ni ẹ fẹ́ rà, ẹ béèrè ẹ̀yà rẹ̀. ISA Brown jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tí àwọ̀ ara wọn ń sọ òótọ́ láti ọjọ́ kìíní: abo máa ń pupa rúsúrúsú, akọ á funfun tàbí kó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ bí ìyeyè. Bí wọ́n bá ní ISA Brown abo ni, tí páálí sì kún fún àwọn funfun, ẹ yí padà kí ẹ máa lọ. Ní ọ̀pọ̀ ẹ̀yà mìíràn, ojú lásán kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹni tó kọ́ṣẹ́ yíyẹ ìdí òròmọdìyẹ wò nìkan ló lè sọ ọ́, òun náà sì máa ń ṣì í lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Olóòótọ́ á sọ fún yín pé òun kò tíì yà wọ́n sọ́tọ̀, á sì sọ ohun tí òun máa ṣe sí akọ tó bá yọjú: ṣé ó máa gbà á padà ni, àbí ó máa pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó kọ ọ́ sílẹ̀.

Bí agbára bá wà, èyí tó ti dàgbà díẹ̀ ló dáa jù. Láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ogbe akọ á ti máa tóbi, á sì máa pupa, nígbà tí ti abo ṣì kéré, tí kò sì tíì pupa. Tó bá fi máa tó ọ̀sẹ̀ méjìlá, ẹ wo ìyẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ níbi tó ti fẹ́ kan ìrù. Ti akọ gùn, ó tínrín, ẹnu rẹ̀ mú, ó sì ń dán. Ti abo rí róbótó lẹ́nu. Èyí ni mo gbẹ́kẹ̀ lé jù nínú gbogbo àmì. Fọ́tò tí wọ́n yà láti iwájú kò lè fi í hàn, ìyẹn ni wọ́n ṣe ń fi irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́. Ẹ ní kí wọ́n ṣe fídíò ẹ̀yìn adìyẹ náà fún yín ní ojú ọ̀sán, kí ẹ sì má san àsansílẹ̀ kankan lórí ẹran tí ẹ kò tíì gbé lọ́wọ́.

Jìbìtì kejì ló ń bí mi nínú jù. Wọ́n á ra adìyẹ tó ti yé títí, tí àwọn oko ńlá ń tà dànù lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 72 sí 80, wọ́n á ní kò tíì yé rí, pé ó kù díẹ̀ kó bẹ̀rẹ̀. Ẹyin ẹ̀yà tó ń yé dáadáa máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ 18 sí 22. Ẹ gbé e, ẹ fọwọ́ ra ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìpẹ́ ẹsẹ̀ ọmọdé adìyẹ ń dán, ó sì ń yọ̀. Ti àgbà ti nípọn, ó rí ṣákáṣàka. Bó bá jẹ́ ẹ̀yà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ pọ́n bí ìyeyè, èyí tí kò tíì yé ṣì máa ní àwọ̀ náà dáadáa. Èyí tó ti yé pẹ́, àwọ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ á ti ṣá. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ìka wọn àárín egungun méjì tó yọ ṣóńṣó nítòsí ìdí rẹ̀. Ìka kan ló máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà lára èyí tí kò tíì yé. Bí ìka méjì tàbí mẹ́ta bá wọlé, ó ti ń yé, ohunkóhun tí ẹnu olùtajà bá sọ.

Ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ àjẹsára náà wà níbẹ̀. Ti àrùn adìyẹ tí wọ́n ń pè ní Marek, inú ẹyin tàbí ọjọ́ tí òròmọdìyẹ jáde ni wọ́n ti ń fún un. Ẹni tó bá ní òun á gún adìyẹ oṣù mẹ́ta ní ti Marek kí ẹ tó dé ń fi yín ṣeré. Èyí tó bá ń sín, tí ojú rẹ̀ ń yọ ìfófòó, tí ọrùn rẹ̀ lọ́, tàbí tó ń ya ìgbẹ́ tútù yọ̀ọ̀, ẹ má ṣàánú rẹ̀ rà. Ó lè jẹ́ lùkúlùkú (àrùn Newcastle), tó lè gbá gbogbo ilé adìyẹ mọ́. Kódà èyí tí ara rẹ̀ le, ẹ yà á sọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin, kí ẹ sì máa tọ́jú àwọn ti àtijọ́ kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Wọ́n tún máa ń ní adìyẹ kò lè yé láìsí àkùkọ, kí ẹ lè ra ọ̀kan kún un. Ó ń yé dáadáa láìsí i. Ẹyin tí ẹ bá fẹ́ kó di ọmọ nìkan ló nílò àkùkọ. Bí ẹ bá fẹ́ rà á lóòótọ́, ẹ béèrè ìdí tí wọ́n fi ń tà á. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló jẹ́ pé ó ń bá ènìyàn jà. Ẹ wò ó pẹ̀lú ẹni tó ni ín nínú ọgbà: èyí tó bá ń rẹ ìyẹ́ apá kan sílẹ̀, tó ń fẹ̀gbẹ́ rìn yí ẹsẹ̀ yín ká, kì í ṣe èyí tí ẹ máa kó sí ilé tí ọmọdé wà.

Bí akọ bá ti kún ọwọ́ yín nítorí àwọn oníjìbìtì wọ̀nyí, ẹ má kó gbogbo wọn pọ̀ mọ́ abo. Ọ̀kan sí abo mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá ti tó. Bí wọ́n bá pọ̀ jù bẹ́ẹ̀, wọ́n á gun abo títí ẹ̀yìn rẹ̀ á fi di egbò. Ẹ ṣe ilé tiwọn lọ́tọ̀ níbi tí wọn kò ti ní rí abo. Àwọn tó jọ dàgbà pọ̀ láti kékeré sábà máa ń gbé pọ̀ níbẹ̀ láìjà púpọ̀, títí ẹ ó fi mọ ibi tí ẹ máa kó wọn sí.