Èló ni jálẹ̀? Àgbéyẹ̀wò ìsọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì TKTS ní Times Square

Ohun tó mú mi kọ àgbéyẹ̀wò yìí ni ìwé pélébé kan tí wọ́n tẹ dọ́là 89 sí lára. Èmi ni mo ra tíkẹ́ẹ̀tì náà, méjì ni mo sì rà, ṣùgbọ́n dọ́là 229 ni mo san lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìyá mi ló wá kí wa láti Ìbàdàn ní oṣù kẹwàá, ó sì ti sọ fún gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ kó tó wọ ọkọ̀ òfuurufú pé òun kò ní kúrò ní New York láìwo eré kìnnìún, The Lion King, tó ti wà lórí ìtàgé Broadway, àwọn gbọ̀ngàn eré ńlá ìlú náà, láti ọdún 1997. Ojúewé tí mo ti rà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì fi orúkọ gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń ṣe eré náà ṣe àkọlé gàdàgbà, ó sì ní aago kan tó ń ka ìṣẹ́jú sẹ́yìn, bí ẹni pé bí n kò bá tètè sanwó, ẹlòmíràn yóò gba ìjókòó náà mọ́ mi lọ́wọ́. Mo sáré sanwó bí ẹni tí ajá ń lé. Kì í ṣe gbọ̀ngàn náà ló ni ojúewé yẹn rárá. Alárobọ̀ ni wọ́n.

Mo kọ̀wé sí wọn. Ẹni tó dá mi lóhùn kí mi dáadáa, ó ní òun mọ bó ṣe ń dùn mí, ó sì fi kún un pé gbogbo owó tí wọ́n gbà ló wà nínú àdéhùn tí mo gbà kí n tó sanwó. Mo bi í pé kí ni wọ́n fi dọ́là 140 tó wà láàárín 89 àti 229 ṣe. Ó ní òun mọ bó ṣe ń dùn mí. Ìgbà tó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹrin ni mo wá fura pé ó lè jẹ́ ẹ̀rọ ni mo ń bá jiyàn láti àárọ̀.

Ní ọjọ́ kejì, mo gba ibi iṣẹ́ lọ sí fèrèsé tíkẹ́ẹ̀tì gbọ̀ngàn náà fúnra rẹ̀. Bàbá àgbàlagbà kan gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó tún yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ní ojúlówó ni, wọn yóò jẹ́ kí a wọlé, ṣùgbọ́n òun kò lè dá owó tí kò tẹ òun lọ́wọ́ padà fún mi. Lẹ́yìn náà ló yí kọ̀ǹpútà rẹ̀ sí ọ̀dọ̀ mi díẹ̀, ó fi bírò tọ́ka sí àwọn àyè kan tó ṣófo ní ìlà mẹ́ta síwájú tiwa, ó ní, “Dọ́là 89 kan náà ni mo ń ta ìwọ̀nyí. Ó wà níbẹ̀ títí di ìsinsìnyí.” Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀ bí ohùn ẹni tó ti sọ irú rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ká ní ó jágbe mọ́ mi ni, ì bá sàn fún mi, torí ó ṣe mí bíi pé kí n rí ẹni bínú sí.

A wo eré kìnnìún náà láti òkè réré, ó sì dára.

Ìgbà tí mo ń sọ ìtàn yìí níbi iṣẹ́ ni ẹnìkan ní kí n mú ìyá mi lọ sí TKTS. Mo ti ń kọjá lábẹ́ àtẹ̀gùn pupa tí àwọn àlejò máa ń jókòó lé ní Times Square fún ọdún pípẹ́ láìmọ̀ pé ìsọ̀ ọjà ló wà lábẹ́ rẹ̀. Àjọ kan tí kì í wá èrè, Theatre Development Fund, ló dá a sílẹ̀ ní ọdún 1973. Tíkẹ́ẹ̀tì tí àwọn gbọ̀ngàn kò rí tà fún eré ọjọ́ náà ni wọ́n ń tà níbẹ̀, wọ́n sì ń dín owó rẹ̀ kù láti ìdá 20 títí dé ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún. Kí n tó ṣàlàyé èyí délẹ̀ ni Màámi ti gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu mi. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni ó fi ta ata àti tòmátì ní ọjà Bódìjà. Ó ní, “Tòmátì ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń tà yẹn. Èyí tó bá sùn mọ́ wọn lọ́wọ́, ta ni yóò rà á lọ́la?”

Ìjókòó tilẹ̀ burú ju tòmátì lọ. Tòmátì tó bá rọ̀, a lè lọ̀ ọ́ kí a sè é, ṣùgbọ́n ìjókòó tó bá ṣófo nígbà tí wọ́n ṣí aṣọ ìtàgé ti parun nìyẹn, bẹ́ẹ̀ eré mẹ́jọ ni gbọ̀ngàn kọ̀ọ̀kan sábà máa ń ṣe lọ́sẹ̀, àwọn òṣèré, àwọn onílù àti onílé yóò sì gba owó wọn, èrò ìbáà wá, ìbáà má wá. Bí ọjà bá sì wá yá, owó a máa lọ sókè bákan náà. Ní ọdún 2016, àwọn tó ni eré Hamilton fúnra wọn gbé ìjókòó tó dára jù sí dọ́là 849. Ní ọdún 2025, nígbà tí Denzel Washington, òṣèré fíìmù nì, ṣe eré Othello, ó lé ní dọ́là 900. Mo sọ èyí fún Màámi lórí ìlà. Ó ní bí ata ṣe máa ń wọ́n nígbà tí ọkọ̀ kò bá rí ọ̀nà wọlé láti òkè ọya nìyẹn, kí ló wá jọ mí lójú.

Ó tó àádọ́ta ìṣẹ́jú tí a fi wà lórí ìlà, atẹ́gùn sì ń fẹ́. Obìnrin kan tó ń rìn lọ rìn bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà bi wá irú eré tí a fẹ́. Ó fara balẹ̀ débi pé nígbà tí mo ní ìyá mi kò fẹ́ràn eré tó jẹ́ ọ̀rọ̀ sísọ nìkan, ó dárúkọ méjì tí ijó pọ̀ nínú wọn, ó sì sọ èyí tí kò ní jẹ́ kí a pẹ́ délé. Nígbà tí a dé ojú fèrèsé, owó ìjókòó tí a fẹ́ ti wálẹ̀ láti dọ́là 158 sí 79, owó iṣẹ́ wọn díẹ̀ sì wà lórí rẹ̀.

Màámi fọwọ́ tọ́ mi. “Bi í, èló ni jálẹ̀?”

“Màámi, wọn kì í ná ọjà níbí.”

“Ṣé ìwọ lo ni ìsọ̀ ni? Mo ní kí o bi í.”

Mo bi í. Aláwọ̀ dúdú ni obìnrin tó wà lẹ́yìn gíláàsì, ó lè tó ọmọ ọgọ́ta ọdún. Ó wo gèlè ìyá mi, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ìdajì ni ó ti wà yẹn, kò sí ibi tí òun tún lè dín in dé. Màámi ní ó dáa, ó gbọ́, ènì ńkọ́? Ibẹ̀ ni mo ti kan ìṣòro. Mo ṣàlàyé pé ènì ni ohun tí ọlọ́jà máa ń bù lé ọjà tí a ti san owó rẹ̀ tán, kí oníbàárà lè rántí ojú ìsọ̀. Obìnrin náà kò sọ̀rọ̀ mọ́. Ó dojú kọ kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó ń tẹ nǹkan, àwọn tó wà lẹ́yìn wa sì bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́ ìjà. Lẹ́yìn-ọ-rẹyìn ó ti tíkẹ́ẹ̀tì méjì jáde sí wa. Ẹ̀gbẹ́ ògiri lẹ́yìn ni ẹ̀rọ kọ́kọ́ fi wá sí, ó ní, ṣùgbọ́n òun ti rí méjì láàárín gbùngbùn, ní ìlà kẹfà, iye kan náà. “Sọ fún Mama pé ènì rẹ̀ nìyẹn.” Títí a fi dé ibi ọkọ̀ ojú irin ni ìyá mi ń ṣàdúrà fún un.

Ká ní ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ parí sí ni, ìràwọ̀ márùn-ún ni n bá fún wọn láìbojú wẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n ní alẹ́ náà, nígbà tí wọ́n tan iná ní ìsinmi àárín eré, Màámi yíjú padà ó sì ka ìlà tó ṣófo lẹ́yìn wa. Mẹ́sàn-án ni. Inú rẹ̀ kò dùn mọ́. Ó ní, “Ọjà àwọn ọmọ yìí kò tà,” ó sì fi ojú ọlọ́jà wo ìyókù eré náà, ó ń pàtẹ́wọ́ fún wọn bí ẹni pé àtẹ́wọ́ lè san gbèsè. Láti ìgbà náà ni mo ti ń ka àkọsílẹ̀ iye owó tí ẹgbẹ́ Broadway League ń gbé jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, bí àwọn kan ṣe ń ka àbájáde bọ́ọ̀lù. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méje, eré wa kógbá wọlé. Gbogbo Broadway pa ohun tó lé ní bílíọ̀nù 1.8 dọ́là ní sáà 2018 sí 2019, síbẹ̀ wọ́n sábà máa ń sọ pé nínú eré márùn-ún, bóyá ni ju ọ̀kan lọ yóò lè dá owó tí àwọn agbátẹrù kó lé e lórí padà. Ìdajì owó tó dùn mọ́ wa nínú, ara wọn ni wọ́n ti gé e.

Mo ti jẹ̀bi irú rẹ̀ rí. Eré nípa Fẹlá bẹ̀rẹ̀ ní Broadway ní oṣù kọkànlá ọdún 2009, ó gba mẹ́ta nínú ẹ̀bùn Tony tí wọ́n ń fún àwọn eré Broadway, mo sì ń dúró kí owó rẹ̀ wálẹ̀ títí wọ́n fi kásẹ̀ rẹ̀ nílẹ̀ ní ọjọ́ kejì oṣù kìíní ọdún 2011. Ní oṣù kẹrin ọdún náà wọ́n gbé e lọ sí Èkó. Àbúrò mi tó wà ní Ìkẹjà wò ó. Èmi tí mo ń gbé ní Brooklyn, ní New York níbí, kò wò ó.

Fún ẹni tó bá fẹ́ lọ: ẹ má retí àwọn eré tí gbogbo ayé ń wá, wọn kì í sábà dé ìsọ̀ yẹn. Ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ yín lágbára. Ẹ tọ́jú tíkẹ́ẹ̀tì yín, nítorí bí ẹ bá padà wá láàárín ọjọ́ méje, ẹ kò ní tò mọ́.

Ìràwọ̀ mẹ́ta nínú márùn-ún. Mo mọ̀ pé ìwà àwọn òṣìṣẹ́ wọn ju bẹ́ẹ̀ lọ, àti pé owó tí alárobọ̀ jẹ mọ́ mi lára kò kàn wọ́n, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi kọ̀ láti tẹ márùn-ún. Màámi ti padà sí Ìbàdàn. Ó pè mí ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá láti mọ̀ bóyá ìyá tó wà lójú fèrèsé yẹn ti rí ti kìnnìún gbà sórí àtẹ.